Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ń rìn lóòótọ́?

Ṣé o mọ̀ pé àwọn baba wa ti mọ ibi tí òróòro wà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ skáànù dé Èkó? Bí inú bá ń bí ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ kó ṣe sùúrù, wọ́n á ní, "Fọkàn balẹ̀, fẹ̀dọ̀ lórí òróòro." Ẹni tó bá ti pa ẹran rí mọ̀ pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló wà lókè, òróòro sì fara mọ́ ọn lábẹ́, nínú àpò kékeré aláwọ̀ ewé tí alápatà kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ òun kàn, kó má baà ba ẹran jẹ́. Ti ènìyàn kò yàtọ̀.

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí èébì bá ń gbé ènìyàn, a ní ẹ̀dọ̀ ń rìn ín, a sì ń pe àìsàn náà ní ìrìndọ̀. Mo ti rò pé àsọdùn lásán ni, àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí àwọn dókítà ṣe ń fi ìtànṣán pa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀, ìtọ́jú tí gbogbo wa mọ̀ sí radiotherapy. Ẹ̀dọ̀ ń rìn lóòótọ́. Gbé ọwọ́ lé abẹ́ ìhà rẹ ọ̀tún, kí o mí kanlẹ̀. Bí o ṣe ń mí sínú, awọ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn ń tì í lọ sísàlẹ̀. Bí o ṣe ń mí síta, ó ń padà sókè. Ìrìn náà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń rìn ín ní ìgbà bíi 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Jẹjẹrẹ kékeré tí à ń sọ yìí fúnra rẹ̀ lè má ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Ẹni tó fẹ́ fi ìtànṣán ta á dà bí ọdẹ tí ẹran rẹ̀ kì í dúró lójú kan.

Ṣé o mọ̀ pé ó pẹ́ gan-an tí àwọn dókítà onítànṣán fi ń sá fún ẹ̀dọ̀? Kì í ṣe pé ìtànṣán kò lè pa jẹjẹrẹ ibẹ̀. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni kò lágbára ìyà náà. Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara, orúkọ onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Louis Harold Gray, ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí wọ́n bá da ìtànṣán bo ẹ̀dọ̀ látòkè délẹ̀, bó bá ti ń kọjá 30 Gray, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, omi á máa gbá jọ sí ikùn, aláìsàn lè ti ibẹ̀ kú. Bẹ́ẹ̀, 30 Gray tí wọ́n pín wẹ́wẹ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó pa jẹjẹrẹ tó le. Èyí tó máa pa àrùn á pa alárùn, èyí tí kò ní pa alárùn kò ní pa àrùn. Wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ abẹ.

Orí ni ọ̀nà gbà là. Ní 1951, dókítà kan ní Stockholm, Lars Leksell, ronú pé agbárí kì í mì: ènìyàn lè de férémù irin mọ́ ọn, kó wọn ibi tí àrùn wà láìṣì, kó sì ti ọ̀pọ̀ ìhà ta ìtànṣán sójú kan náà. Ogójì ọdún kọjá kí àwọn méjì mìíràn ní ìlú kan náà, ní Karolinska, tó gbìyànjú rẹ̀ lára ikùn. Ingmar Lax jẹ́ onímọ̀ físíìsì, Henric Blomgren jẹ́ dókítà. Wọ́n kan àpótí kan tí aláìsàn á dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan tẹ ikùn rẹ̀ kó má lè mí jinlẹ̀. Ní 1995 wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde, ẹ̀dọ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n tọ́jú.

Báwo ni ìtànṣán ṣe ń pa jẹjẹrẹ láìpa ẹ̀dọ̀? Ronú nípa àjọ. Ẹni méjìlá ń dá owó, kò sẹ́ni tí ohun tó dá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó o kó nǹkan ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ó ń yí aláìsàn po, ó ń ta ìtànṣán tí kò le láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn, kò sì síbi tí ìtànṣán gbà kọjá tó jẹ́ pé ó gbà ju ìwọ̀nba lọ. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé, èyíinì ojú jẹjẹrẹ, ni ó kó àjọ. Lóde òní, ojú ibẹ̀ lè gba 30 sí 50 Gray lẹ́ẹ̀marùn-ún péré, kí ẹ̀dọ̀ tó yí i ká sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. SBRT ni àwọn dókítà ń pè é. Èmi ń pè é ní ìtànṣán àjọ. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ kó mú un wá.

Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí? Lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò bá gbé Ẹgàn, ní Alímọ̀ṣọ́ tiwa ní Èkó, lè ka ìyẹn kọjá. Èyí tó pọ̀ nínú ìtọ́jú onítànṣán tí a mọ̀, ti ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ, ti prostate ọkùnrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí méje ni wọ́n ń gbà, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Gbé e lé ojú ọ̀nà wa. O jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, o wọ dáńfó láti Ẹgàn sí Ìgándò, o dé Ìkọ̀tún níbi tí kọ̀ndọ́ mẹ́fà ti ń fa apá ènìyàn kan ṣoṣo, o kọjá Ìsọlọ̀, o bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Muṣin, kí o tó yọ sí ilé-ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà. Kí ara tó dá ṣáṣá ṣe é ní ọgbọ̀n ìgbà, iṣẹ́ ni. Kí ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà ṣe é ńkọ́? Mo ti rí àwọn tó lọ yá yàrá nítòsí ilé-ìwòsàn nítorí ọkọ̀ nìkan. Fún ẹni tó jìnnà, ìyàtọ̀ márùn-ún sí ọgbọ̀n lè jẹ́ ìyàtọ̀ ẹni tó parí ìtọ́jú sí ẹni tó já a sílẹ̀ láàárín.

Ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Kí n má tan ọ́: kì í ṣe òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Bí jẹjẹrẹ bá kéré, tí ẹ̀dọ̀ sì lágbára, wọ́n á gé e, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìyẹn, tàbí kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n fi ooru jó o. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ara wọn kò lè gba ọ̀bẹ. Àwọn mìíràn wà tí jẹjẹrẹ wọn fara ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Èyí tún yà mí lẹ́nu: abẹ́rẹ́ gbígbóná náà kì í lè jó irú èyí tán, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn kọjá ń gbé ooru rẹ̀ lọ, bí ìgbà tí ènìyàn dáná sétí odò tí omi ń ta sí i. Ìtànṣán kò bìkítà fún ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wà lókè pátápátá, lábẹ́ awọ tí mo ní ó pààlà yẹn, níbi tí abẹ́rẹ́ ti lè ṣèèṣì gún ẹ̀dọ̀fóró.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí? Nínú ẹni 10 tí jẹjẹrẹ wọn kéré, ojú ibi tí wọ́n ta kì í sábà sú yọ padà lára bí ẹni 9 láàárín ọdún méjì. Ní Gúúsù Kòríà, wọ́n pín ẹni 144 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wọn ti padà yọ, tí kò sì tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná jó ti àwọn kan. Wọ́n fi proton, ìbátan ìtànṣán, ta ti àwọn yòókù. Ní 2021 èsì jáde: lẹ́yìn ọdún méjì, ojú ibẹ̀ ṣì dákẹ́ lára 92.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba proton, àti 83.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba abẹ́rẹ́. Ìtànṣán tí wọ́n ti lé kúrò nílé wá bá abẹ́rẹ́ jókòó lórí ẹní kan náà. Ní 2022 ẹgbẹ́ àwọn dókítà onítànṣán ní Amẹ́ríkà, ASTRO, fi í sínú ìlànà wọn fún àwọn tí ọ̀nà yòókù kò bá ara wọn mu. Ṣùgbọ́n ojú kan tó dákẹ́ kò ní kí ojú mìíràn má sú yọ nínú ẹ̀dọ̀ kan náà. Ilẹ̀ tó hu èpo lẹ́ẹ̀kan lè tún hu òmíràn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ń hù padà, bí ìrù aláǹgbá? Oníṣẹ́ abẹ lè gé ju ìdajì rẹ̀ lọ lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yè kooro, kí ìyókù sì dàgbà padà láàárín oṣù díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí onítànṣán kì í fi í béèrè iye tí òun máa bà jẹ́. Iye tí òun máa fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn ló ń kà. Wọ́n máa ń fẹ́ kó tó 700 mílílítà, bíi ìgò omi 75cl tí a ti bu díẹ̀ mu lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tí ọtí tàbí àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti sọ di kókó kì í hù padà bẹ́ẹ̀, irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ fẹ́ràn jù. Bí ojú bá ti pọ́n bí ìyeyè, tí omi ti gba ikùn kan, ìtànṣán lè dá kún ìyà ni.

Jẹ́ ká wọ inú yàrá náà.

Kí ọjọ́ tó pé, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gígùn gbin góòlù tín-ń-tín sí ẹ̀gbẹ́ jẹjẹrẹ náà, ó rí bíi hóró ìrẹsì tó kán. Góòlù gidi ni o. Ó ń hàn ketekete nínú àwòrán, ara kì í sì í bá a jà. Wọ́n á ya àwòrán CT nígbà tí aláìsàn ń mí, kí wọ́n lè rí gbogbo ipa ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń tọ̀. Wọ́n á fín àmì kékeré bíi mẹ́ta sí i lára, tó kéré ju ẹnu bírò lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an, ó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì líle, apá rẹ̀ méjèèjì wà lókè orí, àpò kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde le gbagidi mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìkòkò ṣe ń gba ọmọrí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn jáde. Ilẹ̀kùn tó nípọn ju ògiri ilé mi lọ padé. Ohùn kan ti ara ògiri wá: "Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀." Apá ńlá ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po, ó ń kùn bíi fíríjì. Kò sí ooru, kò sí ìrora, kò sí ohun tí ojú rí. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú àáyá, ohùn náà ní, "Ẹ máa mí." Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe. Kó tó wákàtí kan, ó ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀.

Ó lè rẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó tún lè ní ìrìndọ̀. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n fi agbára dá dúró nínú yàrá náà, ilé ló ti wá ń rìn.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ohunkóhun nínú ẹ̀rọ náà tó ń ta ìtànṣán bí wọ́n bá ti pa iná rẹ̀? Mo ní láti kọ èyí nítorí ìyá kan tó sọ fún mi pé òun kò jẹ́ kí ọmọ ọmọ òun jókòó lé bàbá rẹ̀ àgbà lẹ́sẹ̀ látìgbà tó ti gba ìtọ́jú, kí "iná" má baà ràn án. Ẹ̀rọ àtijọ́, irú èyí tí ilé-ìwòsàn UCH Ìbàdàn lò fún ọdún gbọọrọ, cobalt-60 ló wà nínú rẹ̀, tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru, tí agbára rẹ̀ sì ń dín sí ìdajì ní gbogbo ọdún márùn-ún àti oṣù díẹ̀. Tòde òní yàtọ̀. Iná mànàmáná ló ń fi ṣe ìtànṣán. Iná lọ, ìtànṣán lọ. Nínú èyí tó ń ti òde ta wọ ara, kò sí ohun tó ń kù sára aláìsàn tó lè ran ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí bàbá gbé ọmọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n "iná lọ, ìtànṣán lọ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní ilẹ̀ wa. Dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu kí ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ wà lára ohun tó ń sọ ìtọ́jú di ọ̀wọ́n.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2019 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, pẹ̀lú mílíọ̀nù 11 dọ́là láti àpò ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀. Ó sún ìtànṣán òde òní mọ́ Alímọ̀ṣọ́ ju Íńdíà lọ, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ta ilẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń ta ẹ̀dọ̀, o. Ó fẹ́ onímọ̀ físíìsì tó ń wọn gbogbo nǹkan, ó fẹ́ skáànù tó ń rí ìmí, ó fẹ́ dókítà ẹ̀dọ̀ tí yóò sọ bóyá ó yẹ. Ilé ìtọ́jú yòówù tí o bá dé, ìbéèrè tó yẹ kí o bi wọ́n ni pé, "Ṣé ẹ ń ṣe SBRT fún ẹ̀dọ̀ níbí?" Ìbéèrè pé ṣé wọ́n ní radiotherapy kò tó.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ti jẹjẹrẹ kékeré ni. Ta ló ń rí i nígbà tó kéré? Ṣé o mọ̀ pé inú ẹ̀dọ̀ kò mọ ìrora? Awọ tó bò ó lójú nìkan ló ní iṣan ìmọ̀lára. Jẹjẹrẹ lè tó ọsàn kó má sọ̀rọ̀, ìgbà tó bá na awọ yẹn ni alárùn á ní ìhà ń dun òun. Ní 2017 àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà nínú wọn, tẹ àkọsílẹ̀ tí wọ́n kó jọ nípa àwọn aláìsàn wọn jáde. Ní Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn ènìyàn wò lóòrèkóòrè, ìdajì àwọn aláìsàn ló gbé ju oṣù 10.9 lọ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ yòókù, oṣù 2.5. Ọjọ́ orí àwọn tiwa sì sún mọ́ 46. Baba ilé tí ọmọ rẹ̀ wà ní JSS nìyẹn.

Ohun tó ń fà á kì í ṣe àṣírí. Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 fi hàn pé ẹni 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín ọdún 15 sí 64, ló ní kòkòrò hepatitis B lára. Wo dáńfó tó kún láti Ìyànà Ìba sí Ìgándò: ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà níbẹ̀, kó má sì mọ̀. Bóyá òun ló ń dá ṣéńjì padà. Kì í ti ara owó ràn, kì í ti ara ìbọwọ́ ràn. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ ló ń gbà. Àwọn alágbo wa ń pè é ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, wọ́n sì ń ta àgbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti jẹ̀dí-jẹ̀dí nínú ìgò kan náà bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹni tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé ó ní in yẹ kó lọ bá dókítà, kí wọ́n sọ fún un bóyá ó yẹ kó máa lo oògùn ojoojúmọ́, kí wọ́n sì máa fi skáànù wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà bó bá wà lára àwọn tí ewu rẹ̀ pọ̀. Skáànù tí wọ́n fi ń wo aboyún náà ni. Òun ló ń rí jẹjẹrẹ tó wà ní sẹ̀ǹtímítà méjì.

Ẹnì kejì nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí ni ẹ̀pà. Ní 1960, tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ẹni tó mọ ohun tó pa wọ́n. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé inú oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà Brazil ṣe, ẹ̀pà tó ti bu. Májèlé tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n sọ ní aflatoxin. Bí ó bá bá hepatitis B nínú ẹ̀dọ̀ kan, àwọn méjèèjì á di ọ̀rẹ́, ewu jẹjẹrẹ á sì ga fíofío. Wàyí, ṣé o mọ̀ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe ohun tó ń lé e? Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, wọ́n mú ìbátan èbu náà tí kò ní májèlé láti inú ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀, wọ́n fi bo hóró ọkà bàbà tí wọ́n ti pa kó má lè hù, wọ́n pè é ní Aflasafe. Àgbẹ̀ á fọ́n ọn sóko kí àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó tanná. Onínúure á gba ilẹ̀ mọ́ oníkà lọ́wọ́.

Obìnrin kan ń ta ẹ̀pà nítòsí ibùdókọ̀ wa ní Ẹgàn. Mo dúró tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó da ẹ̀pà sínú atẹ, ó ń fi ìka kan ti èyí tó ti hunjọ, èyí tó ti dúdú, èyí tó hu nǹkan aláwọ̀ ewé, sí ẹ̀gbẹ́. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní àwọn kan ń rà á lówó pọ́ọ́kú, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ ata gbígbẹ fún ẹran sísun. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti súyà ti ń wo ara wa lókèèrè.

Ohun tó kẹ́yìn nínú àwọn ìyanu mi, abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ju ìka ọmọdé lọ. Baruch Blumberg, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí kòkòrò hepatitis B láàárín ọdún 1960 sí 1969. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ní 1984 ni Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára àwọn ọmọdé wọn sì dín sí nǹkan bí ìdajì. Ní Nàìjíríà, 2004 ló wọ inú àjẹsára àwọn ọmọdé. Àwa tí a bí ṣáájú ìyẹn ńkọ́? Mo wọ ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìgándò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ gún mi níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ kan ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní kí n dúró fún ìṣẹ́jú 15. Ìlà kan túmọ̀ sí pé kò sí, méjì túmọ̀ sí pé ó wà. Mo jókòó, mo ń gbọ́ àwọn kọ̀ndọ́ lóde, mo sì ṣàkíyèsí pé mo ti dá èémí mi dúró.

Ìlà kan ni. Mo gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta lọ́jọ́ kejì. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìkejì.